Ewé Ẹ̀yìn Táǹkì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ewé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì gé ọ létí? Èmi wà bí àgbà ṣe ń wà: orúnkún ń sọ tiẹ̀, etí ń sọ tiẹ̀, ẹnu nìkan ló ṣì ń bá mi ṣe dáadáa. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé kẹ́yìn, òjò ò tíì dá. Eruku ti bo gbogbo ilé báyìí, mi ò tún gbúròó rẹ. Bí o bá rò pé tẹlifóònù pósọ́fíìsì la ó máa fi sọ̀rọ̀, o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi ti jẹ etí mi tán. Ọjọ́ tí o pè mí síbẹ̀, "Ẹ̀n? Ẹ̀n?" ni mo ń sọ títí wọ́n fi gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi. Ìwé kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìwé ni kí o máa kọ sí mi.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Wọ́n ti ní kí n lọ sinmi lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè jí kí n má dé ìdí táǹkì omi. Ẹni tuntun tí wọ́n fi síbẹ̀ ò mọ̀ ju kó jókòó sórí bílọ́ọ̀kù lọ. Mo wá gba ẹ̀yìn táǹkì, níbi tí àpáta ti ga bí ògiri, mo ń ro ojú ọ̀nà omi tó ti dí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ewé kan nínú ihò àpáta. Ó sanra, ó kúrú, ó rí bí ìka ọmọ ọwọ́, ó sì ní ìlà pupa lẹ́tí. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ewúrẹ́ tó ń jẹ bébà, tó ń jẹ aṣọ tí a sá, gbóòórùn rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i. Mo já ẹ̀ka kékeré kan, mo fi sínú àpòòwé yìí. Bá mi wò ó bóyá nǹkan burúkú ni, nítorí omi tí gbogbo ìlú ń mu ò jìnnà síbẹ̀.

Ìyá Télọ̀ tó ń gbé lára ògiri wa kí ọ. Ó ní ṣé o kò tíì rí ọkọ láàárín àwọn ewé náà. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Bàbá rẹ,
Bàbá Olómi


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pẹ̀lẹ́ orúnkún. Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́.

Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, kì í sì í ṣe pé nǹkan burúkú ni. Ewé yín wà nínú àpòòwé, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lórí, síbẹ̀ nígbà tí mo tú u, ààyè ni mo bá a. Ó ti ta gbòǹgbò sára lẹ́tà yín. Ńṣe ni mo rọra fi omi bó ìwé náà kúrò lára rẹ̀ kí n tó lè ka ibi tí ẹ ti ń bú mi. Ó wà nínú ìkòkò kékeré kan lójú fèrèsé yàrá mi báyìí, ó ń dàgbà.

Mo já ẹyọ ewé kan lára rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́: yàrá gígùn kan báyìí, kọ́bọ́ọ̀dù onírin lọ́tùn-ún lósì, ewé láti gbogbo ayé nínú wọn, a lẹ̀ wọ́n mọ́ pépà, a kọ orúkọ wọn sábẹ́. Ọ̀gá mi, tí ẹ sọ ní Olójú Mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀, wo ewé náà pẹ́. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ó ṣí tọ̀hún. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó ní, "Èyí ò sí lọ́dọ̀ wa. Mi ò rò pé ó wà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Bàbá, ó lè jẹ́ ewéko tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ sílẹ̀ rí láyé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni màá kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to ewé tí ẹlòmíràn rí! Àmọ́ ewé nìkan ò tó. Odindi ni mo nílò, tòun ti gbòǹgbò, tòun ti òdòdó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò ó. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n. Ẹ wo àwọ̀ òdòdó náà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, torí pé bó bá gbẹ, àwọ̀ á ti lọ. Kí ẹ tó fi sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ kọ́kọ́ rì í bọ omi gbígbóná kó lè kú. Irú ewé tó ń fi omi pamọ́ sára báyìí kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ má gòkè lẹ́yìn òjò, àpáta ń yọ̀. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ yín.

Kì í ṣe májèlé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Télọ̀ pé ọkọ wà níbẹ̀, ewé ló pọ̀ tó bò ó mọ́ mi lójú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ìyá Ewé,

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìwọ ti pẹ́ lára ewé, o ti di ewé, o ò béèrè bóyá bàbá rẹ jẹun. Odindi lẹ́tà, "ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wò ó, ẹ rì í." Mo jẹun o.

Mo gòkè. Ìyá Télọ̀ bá mi dé ìdí àpáta. Má bínú, mo ní láti sọ fún un, ta ni ì bá di okùn mú fún mi? Téèpù tó fi ń wọn àyà àwọn èèyàn ló mú dání. Ó ní òun ò tíì wọn oníbàárà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí, tí kò sì ní sọ pé aṣọ fún òun jù. Fífẹ̀ ewé kan ò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan ni òdòdó rẹ̀ ń là. Funfun ni, àmọ́ inú rẹ̀ ní tótòtó bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Èmi ò gbọ́ òórùn kankan, síbẹ̀ eṣinṣin ń bò ó. Inú ihò kan ṣoṣo yẹn ló wà. Mo yí ẹ̀yìn táǹkì ká, mo dé òkè kejì, kò sí. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò lè kún abọ́ ìfọwọ́.

Ní ti omi gbígbóná, mi ò lè ṣe é. Mo gbé omi kaná, ó hó, mo wo nǹkan náà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi sáàárín ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, mo gbé àpótí aṣọ ìyá rẹ lé e lórí. Nígbà tí mo padà ṣí i, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó ti la òdòdó nínú òkùnkùn, lábẹ́ àpótí. Ó ti na ọrùn gba àárín ìwé jáde, ó ń wá ìmọ́lẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ bó ṣe wà. Ẹ ṣe é bí ẹ ti ń ṣe é lọ́hùn-ún, èmi ò fẹ́ pa á.

Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé? Bí o bá kọ ewé yìí tán, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o wá?

Bàbá rẹ,
Bàbá Olómi


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bú mi dáadáa, mo gbà. Ta ló ń bá yín fọṣọ? Ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn orúnkún yẹn? Màá wálé bí ọdún bá parí, bí wọ́n bá fún mi láyè.

Ó ti dájú báyìí. Tuntun ni. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán: bí ewé ṣe rí, bí òdòdó ṣe ń là ní ìrọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Ayàwòrán wa sì ti yà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ nípa ewéko ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, èmi náà wolé, orúkọ Màmá ni mo fún un. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí á máa pe orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé. Mo sunkún lórí tábìlì níbi iṣẹ́, ẹ má sọ fún Ìyá Télọ̀.

Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí mo sọ orúkọ náà fún Olójú Mẹ́rin, kò kí mi kú oríire. Ó mú mi lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ìpẹ̀kun yàrá, èyí tí a kì í sábà ṣí. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó fa òmíràn. Irú ewé olómi báyìí ni gbogbo wọn. Ó ní, "Orí pépà nìkan ni àwọn wọ̀nyí kù sí. Àwa la fún wọn lórúkọ, àwa la sọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn kan kà á, wọ́n lọ hú wọn tán." Bàbá, àwọn èèyàn kan wà tó ń kó irú ewéko yìí jọ sílé bí ẹni ń kó wúrà. Bó bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni wọ́n ṣe ń wá a tó, wọn ò sì kọ ohun tó máa gbà wọ́n. Olùtọ́jú ọgbà kan tí a mọ̀ ní irú ewé bẹ́ẹ̀ nílé. Wọ́n wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n lù ú, ojú rẹ̀ kan ò ríran mọ́ dòní.

Nítorí náà mi ò kọ orúkọ ìlú wa síbẹ̀. "Lórí àpáta" ni mo kọ, mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo ka ibi tí orúkọ ìyá rẹ wà, mo tún un kà, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé kí Ìyá Télọ̀ má bàa rí ojú mi. O ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà rántí rẹ.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ẹni tó ti lọ lo fún lórúkọ. Ẹni tó gun àpáta, tí orúnkún rẹ̀ wú bí iṣu, tí eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ lẹ́nu ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán rẹ. O ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Olójú Mẹ́rin. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹni tó sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" létí àwùjọ. Gbogbo ìlú ló ń pè mí ní Bàbá Olómi, kò sì sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣé àwọn tó ń ka ìwé rẹ máa mọ̀ pé o ní bàbá?

Ní ti àwọn olè ewé tí o sọ, ẹ̀rín pa mí. Ta ló máa wọkọ̀ wá síbí wá jí ohun tí ewúrẹ́ kọ̀?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni.

Ìwé náà ti jáde, ẹ̀dà tiyín nìyí. Ẹ ṣí i dé ẹ̀yìn, ibi tí mo fi bírò pupa fa ìlà sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Mo dúpẹ́ jù lọ lọ́wọ́ bàbá mi, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Bàbá Olómi, tó tọ́jú táǹkì omi wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi dàgbà, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àpáta lọ rí ewéko yìí." Fọ́tò yín náà wà níbẹ̀, èyí tí ẹ dé fìlà pupa. Olójú Mẹ́rin wà ní ìsinmi nígbà tí mo fi kún un, kò tíì rí i. Ẹ fi há ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé rí i.

Ewé ojú fèrèsé mi ti kún ìkòkò rẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Mo ti ṣàṣìṣe. Olójú Mẹ́rin dé, ó ka ìwé náà. Nígbà tó dé ibi ọpẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó wá ní, "O fi ibi tí ewé wà pamọ́, o wá júwe ẹni tó mọ ibẹ̀." Bàbá, mi ò rò ó débẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí inú yín dùn ni. Ẹnikẹ́ni ò nílò láti máa wá àpáta kiri mọ́, kí wọ́n ṣáà béèrè Bàbá Olómi. Ẹyin lohùn, èmi ni mo jẹ́ kó bọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan pe ọ́fíìsì wa. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, ó ní ìlú wo ni bàbá mi ń gbé, òun fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i. Akọ̀wé wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sọ fún un. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mi ò lè jẹun.

Bí ẹnikẹ́ni bá dé, bó ti wù kó mọ èèyàn kí tó, ẹ sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ẹ má gòkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Télọ̀ máa wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ewé náà lọ bó bá fẹ́ lọ, èmi ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn yín. Ẹ dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí ẹ bá gba èyí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo pe pósọ́fíìsì lónìí, mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè yín. Ẹni tó gbé e ní òun rí yín lánàá, pé ara yín le, pé ẹ ń mú àwọn àlejò rìn kiri ìlú, inú yín sì ń dùn.

Àlejò wo? Ta ni wọ́n? Mo bi í, ó ní òun ò mọ̀, ó ní òun kàn rí i pé wọ́n bá yín gbé àpò yín.

Bàbá, mo fi orúkọ Màmá bẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ìyá Ewé mi,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Fọkàn balẹ̀, gbogbo nǹkan ti bọ́ sí i. Lẹ́tà rẹ tó kún fún ìbẹ̀rù yẹn dé ní àná, ó sì ká mi lára. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe àwọn olè ló kọ́kọ́ dé. Àwọn èèyàn rẹ ló kọ́kọ́ dé.

Ọkùnrin méjì ni. Lójú gbogbo ayé ni wọ́n dé, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó ga nínú wọn ṣí ibi tí o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sún mọ́ etí mi tó ṣì ń gbọ́rọ̀ díẹ̀, ó kà á sí mi létí, ó nawọ́ sí fọ́tò mi, ó nawọ́ sí mi, a jọ rẹ́rìn-ín. Olè wo ló ń ka oríkì ẹni tó fẹ́ jà lólè sí i létí? Wọ́n ní kò sí ohun tí o kọ tí àwọn ò tíì kà. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ewé náà, orúkọ ìyá rẹ tó jáde lẹ́nu àjèjì mú kí omi bọ́ lójú mi. Mo mú wọn lọ wò ó. Fọ́tò lásán ni wọ́n yà lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo mú un tọ̀ wọ́n lọ níbi tí wọ́n wọ̀ sí, mo sì kà á fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó ga ní, "Bàbá, ẹ rí i? Ohun tí àwa náà ń bẹ̀rù nìyí. Ẹ jẹ́ ká kó o kúrò kí àwọn èèyànkéèyàn yẹn tó dé." Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Àárọ̀ yìí la lọ kó gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ wọn ò wọ̀, èmi ni mo fi ṣíbí wà á. Mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ihò náà wò dáadáa kó má bàa ku ẹyọ kan fún olè. Ó ti mọ́ báyìí bí ẹni pé nǹkan kan ò hù níbẹ̀ rí. Wọ́n fi aṣọ tútù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n sínú àpótí.

Ìyá Télọ̀ ń bá mi jà. Ó ní èyí tó kúrú ò rẹ́rìn-ín rí, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò bi mí ṣé ara rẹ le. Mo ní kó lọ jókòó ti máṣíìnì rẹ̀.

Wọ́n béèrè bóyá èyí ni gbogbo rẹ̀ láyé. Mi ò lè parọ́ fún ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ olè. Mo ní ó ku ti ojú fèrèsé rẹ, èyí tó hù lára lẹ́tà mi. Inú wọn dùn gan-an! Àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpòòwé rẹ ni mo kọ fún wọn. Mo ṣàlàyé pé yàrá ìsàlẹ̀ ni, pé ìwọ nìkan lò ń gbé, pé ìrọ̀lẹ́ lò ń dé láti ibi iṣẹ́, kí wọ́n má bàa dé bá ilẹ̀kùn títì. Wọ́n ń wọkọ̀ òfuurufú lálẹ́ òní. Wọ́n ní àwọn á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí lẹ́tà yìí tó dé. Mo fi ṣúwẹ́tà ìyá rẹ rán wọn, kí o lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń bọ̀.

Jọ̀ọ́, má ṣe wọ́n bí o ṣe máa ń ṣe àlejò nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, tètè ṣí i fún wọn. Èmi ni mo rán wọn.

Bàbá rẹ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ,
Bàbá Olómi